Adójútòfò

Òmáhà, oṣù kejì. Yìnyín dì mọ́ fèrèsé
bí ọ̀rá ṣe ń dì lórí ọbẹ̀ àná.
Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn há etí,
mo sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi láti máa sọ:
"Orúkọ mi ni Twyla. Báwo la ṣe lè ràn yín lọ́wọ́?"

Ọkùnrin ni. Ohùn rẹ̀ ń ha
bí ọ̀nà oko tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí.
Verlyn Sedlacek, ó ń wa ọkọ̀ àgbàdo,
ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ọmọ mẹ́ta.
Ó ní òun fẹ́ kí dókítà dí ojú ọ̀nà náà pa,
kí irúgbìn má tún jáde nínú abà mọ́.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ń gba ohùn wa sílẹ̀.

Mo tẹ kóòdù. Kọ̀ǹpútà ronú
bí àgbàlagbà tó ti mọ ohun tó fẹ́ wí.
"A kì í san ìyẹn, sà. Kì í ṣe àìsàn."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kùn lábẹ́ rẹ̀.
"Ìyàwó mi ńkọ́?"

Ti ìyàwó jáde wéré.
Oògùn oníhóró, a ó san. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, a ó san.
Wáyà inú ilé ọmọ, a ó san.
Kí wọ́n fi oògùn kùn ún lóorun, kí wọ́n la ikùn,
kí wọ́n dè é pa títí ayé,
a ó san gbogbo rẹ̀, sẹ́ǹtì kan kò ní jáde lápò yín.

"Joleen ti san tiẹ̀," ló wí.
Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo,
a ní ìwé tí a máa ń kà fún àwọn tó ń pariwo.
Ó ní hóró yẹn ń fọ́ ọ lórí títí ojú fi ń ṣe é bàìbàì.
Wáyà ṣí kúrò ní ipò rẹ̀.
Ọmọ kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ: àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́fà
ní Hastings, lóru tí ìjì yìnyín dí títì.
"Ogún ìṣẹ́jú ni tèmi. Màá fi ẹsẹ̀ ara mi jáde.
Ẹ ó sanwó ọ̀bẹ ńlá fún ẹni tó ti ṣẹ̀jẹ̀ tó,
ẹ ò ní sanwó ọ̀bẹ kékeré
fún ẹni tó na ara sílẹ̀ fún un?"

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán mo sọ ọ́ fún Burdette.
Ó ní, "Owó gbogbo wa ni o.
Ara ẹni dá ṣáṣá, ó ní ká gé òun,
ká tún wá ra ọ̀bẹ? Kó ta ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko."
Kò parọ́ pátápátá. Àpò kan náà la jọ ń sọ owó sí.
Mo mọ ìyá àgbà kan ní Kearney
tó ń fi ọ̀bẹ ìdáná pín hóró oògùn ọkàn sí méjì.
Mo jẹ búrẹ́dì mi. N kò fèsì.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń ṣírò.
Àpò mẹ́fà yẹn, a san án, ẹnikẹ́ni kò janpata.
Iye rẹ̀ ìbá ra ọ̀bẹ kékeré
fún gbogbo awakọ̀ àgbàdo ìlú wọn.

Adójútòfò ni wọ́n kọ síwájú ilé wa,
lẹ́tà rẹ̀ ga ju èèyàn lọ: ẹni tó ń dójú ti òfò.
Láàárọ̀ yìí mo gbọ́ ọkùnrin kan tí ojú ń tì.
Òfò kọ́. Òfò wà lórí àga, ó ń mu kọfí.

Aago mẹ́rin, mo tẹ lẹ́tà. *Ó dùn wá púpọ̀...*
Gbólóhùn yẹn ti wà nínú ẹ̀rọ kí n tó gba iṣẹ́,
ẹ̀rọ ló ń bá wa dùn ún.
Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n fi bíńtín sọ pé ó lè pẹ̀jọ́,
mo fi kálàmù fa ìlà, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́:
*Má kọ "mo fẹ́". Kọ "oyún míì lè pa á".
Kọ iye àpò ẹ̀jẹ̀. Kí dókítà Hastings buwọ́ lù ú.*

Ohùn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, wọn kì í gba kálàmù.
Mo fi ahọ́n lá ẹnu àpòòwé náà pa.
Ó korò.