Ojú Kejì

Lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá, nígbà tí ọyẹ́
ti bá ẹrẹ̀ odò Ògùn sọ̀rọ̀, tó sì jókòó,
mo lọ́ ojú kejì mọ́ kámẹ́rà lẹ́nu:
gíláàsì ribiti, ó nípọn bí ìdí ìgò,
ó dà bí awò tí ìyá mi àgbà
fi ń wá ojú abẹ́rẹ́ kiri n'Íjẹmọ̀.

Nítorí edé ni mo ṣe wá. Edé kan ṣoṣo,
tó kó ẹyin sábẹ́ ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.

Àwòrán kìíní: ìkùukùu.
Ìkejì: ìkùukùu, àti nǹkan funfun roboto
bí òṣùpá tó ṣìnà.
Mo nu gíláàsì, mo tún un nù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o láwọ̀.
Ṣódipọ̀ ọlọ́kọ̀ ń wò mí,
ó ń fi agolo mílíìkì gbọ́n omi inú ọkọ̀.
Kò mọ kámẹ́rà. Ó mọ igbá.
"Igbá tó bá dojú dé wọ omi,
afẹ́fẹ́ ló ń rù wọlé.
Dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó mu omi díẹ̀díẹ̀."

Mo tú u nísàlẹ̀ odò, mo dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Afẹ́fẹ́ yọ́ jáde,
ó gòkè lọ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

Ó tún ku ọ̀kan. Ojú kejì kì í rí ọ̀nà jíjìn;
Olúmọ gàgàrà, èéfín ni lójú rẹ̀.
Ìka méjì ni gbogbo ayé tó mọ̀:
o sún mọ́ ọn jù, ó bàjẹ́; o fà sẹ́yìn, ó bàjẹ́.
N kò yí nǹkan kan lára kámẹ́rà mọ́,
ara mi ni mò ń yí.
Mo fi ìgúnpá ti àpáta, ọ̀pá ìmí lẹ́nu,
mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún edé,
èmi tí àna mi ní n kò mọ ìdọ̀bálẹ̀.
Edé kò ní n dìde.
Mo mí sínú, ara mi gòkè bí ìbú irun kan.
Mo mí síta. Ojú rẹ̀ nìyẹn,
dúdú, ó ń dán bí hóró iṣin.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Ìrù rẹ̀ ṣì wà nínú ìkùukùu. Kò burú.
Ẹyin mọ́kànlélógún ni mo kà kí n tó ṣì í kà.

Ṣódipọ̀ gba ojú kejì náà lọ́wọ́ mi,
ó fi wo òkè: "Afárá dà?"
Ó fi wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó dákẹ́.
Àpá ìwọ̀ ẹja, tín-ín-rín bí òwú.
"Ọdún tí èyí wọlé," ó ní,
"ìyá mi ló fi eyín yọ ọ́."
Kò tíì dá a padà fún mi
tí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá lórí wa.