Òwú Inú Ìgò

Oṣù Kínní ni, ní Tartu, yìnyín ti bo gbogbo ojú ọ̀nà.
Urve tò sórí ìlà, búrẹ́dì dúdú lọ́wọ́ rẹ̀.
Obìnrin tí í tún ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe ni,
tí í fi okùn so rọ̀ nínú ihò ilé alájà mẹ́sàn-án
tí orúnkún rẹ̀ kì í gbọ̀n.
Ẹni mẹ́ta péré ló ṣáájú rẹ̀.
Kò sí ẹkùn, kò sí olè,
ọmọ kan ló ń sunkún nítorí ṣokoléètì.

Àfi gbòlà!
Àyà já, ó tún já,
àtẹ́lẹwọ́ ń làágùn nínú ìbọ̀wọ́,
ètè kú, afẹ́fẹ́ kò tó mí mọ́.
"Mo ń kú lọ," ló wí wúyẹ́wúyẹ́,
ẹni iwájú rò pé ó ń ṣírò owó ni.

Wọ́n ní ẹnìkan kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún:
bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e.
Urve kò sáré. Ojú kan ló dúró sí.
Inú rẹ̀ ló ń sáré.

Ẹṣẹ́ méjì ló dé orí kíndìnrín bíi fìlà.
Wọn ò lójú, wọn ò mọ ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí igbó.
Ọpọlọ ké "Ẹ dìde!", wọ́n dìde,
wọ́n tú adirẹnálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀ wàà,
ẹ̀jẹ̀ sá kúrò lára awọ, ó gba itan lọ:
ẹsẹ̀ ti gba owó ọkọ̀,
kò ríbi lọ.

Nọ́ọ̀sì Leelo fún un ní òwú nínú ìgò oníke.
"Bó bá tún dé, jẹ èyí lẹ́nu kí itọ́ rin ín,
kọ aago sí i lára, gbé e sínú fìríìjì."
Ìgò mẹ́fà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja oníyọ̀.
Ọ̀kan, inú bọ́ọ̀sì ló ti jẹ ẹ́,
bàbá arúgbó kan tẹjú mọ́ ọn títí wọ́n fi dé òpin ọ̀nà.

Èsì dé. Kọ́tísọ̀ọ̀lù,
tí gbogbo ayé ń dá lẹ́bi,
fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira rárá.
"Ṣé irọ́ ni mo wá ń pa ni?"
Leelo mirí. "Tẹlòmíràn a máa ga. Tìrẹ kò ga.
A ò tíì mọ gbogbo ìdí rẹ̀."
Urve bú sẹ́rìn-ín:
ilé ń jó, ẹnìkan ṣì ń hanrun nínú yàrá.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gba etí Emajõgi kọjá,
odò tí wọ́n sọ ní Odò Ìyá.
Yìnyín bò ó lójú, omi ń lọ lábẹ́ rẹ̀.
Ibẹ̀ ni àyà ti tún já.
Kò bá a jà. Ó wo aago, ó dúró.
Adirẹnálíìnì kì í pẹ́ lára,
àlejò tí kì í bọ́ bàtà ni.
Nígbà tó di ìṣẹ́jú kọkànlá,
ó rántí pé òun ò tíì ra wàrà.