Lẹ́tà Tó Sùn Nínú Àpò Mi

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà rìn ládùúgbò wa,
ní Bọ́lọ́rundúró, n'Íléṣà:
ọ̀kan á wá bá ọ nílé,
ọ̀kan, ìwọ lo máa lọ bá a.

Tíṣà Fámúyìídé ló ni ti àkọ́kọ́.
Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá ti ṣú, a ó gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀,
kò-kò-kò, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù.
Ẹ̀dà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, pépà kábọ́ọ̀nù láàárín,
ìgbà márùn-ún ló ń tẹ ọ̀rọ̀ kan náà.
Ilé mọ́kàndínlógún ni wá; ogún ẹ̀dà,
èyí tó ṣú jù, tí kò ṣeé kà, òun ló ń fi pamọ́ fún ara rẹ̀.

Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ẹsẹ̀ lẹ́tà.
Mo ń tì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó dáná.
Arọ rí tirẹ̀ gbà. Ẹni tó ń bá alájọgbélé jà rí tirẹ̀ gbà.
Èsì tí o bá kọ, Tíṣà á tún tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ilé,
kò ní yọ kámà kan kúrò.
Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Olúgbọ́dì ṣe kọ ọ́ sí Tíṣà nìkan
pé onígbèsè ni alága, orí rẹ̀ kò sì pé.
Ilé mọ́kàndínlógún ti kà á kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó tutù.

Ọ̀nà kejì wà lábẹ́ igi òdán,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbóyèga tó ń lẹ táyà.
Pátákó dúdú tí ilé ìwé jù nù, wọ́n kàn án mọ́ igi.
Orúkọ ọ̀rọ̀ lókè: OMI. GỌ́TÀ. AJÁ ILÉ PẸ̀TẸ́ẸSÌ.
Nísàlẹ̀, ẹnu gbogbo ayé.
Ẹni tó kó dé lánàá lè kà á láti òkè wá,
kó mọ ẹni tó ti bínú àti ibi tí wọ́n bá a dé,
kó mú ṣọ́ọ̀kì, kó fi tirẹ̀ sí i.
Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè ọ́. O ò wá? Ọ̀rọ̀ ò mọ̀ ọ́.
Òjò kan ṣoṣo, àlàyé ọ̀sẹ̀ méjì di omi funfun nídìí igi.
Ẹni tó tètè jókòó ló ni bẹ́ǹṣì.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń bẹ níbẹ̀! Lẹ́tà kì í rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí a fẹ́ gbẹ́ kànga,
Màmá Ìbíwùmí, opó oṣómàáló, tí orúnkún rẹ̀ ti kọ ọ̀nà,
fèsì lórí ìwé ìṣirò ọmọọmọ rẹ̀.
Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi kọ́bọ̀ márùn-ún lé e:
"Bí o bá dé ìdí òdán, má dúró."

Mo dúró.
Bàbá Olúgbọ́dì ti gun orí bẹ́ǹṣì,
Gbóyèga ju páǹpù sílẹ̀, táyà onítáyà ń mí fẹ́ẹ́ẹ́ sílẹ̀,
wọ́n ní kí ẹni tó fara mọ́ ìdí ògiri Jẹ́gẹ́dẹ́ nawọ́.
Èmi náà nawọ́. Ọmọdé! Wọ́n kà á mọ́ ọn.

Ọjọ́ kẹta ni mo rántí.
Agbẹ́kànga ti wọlẹ̀ dé ìbàdí.
Ìlà kan péré ni Màmá kọ:
*Ẹ má gbẹ́ ẹ sídìí ògiri Jẹ́gẹ́dẹ́.
Ṣáláńgá àwọn àna mi wà lábẹ́ ibẹ̀.*

Tíṣà kà á. Ó wò mí. Kò bá mi wí.
Ó ki pépà bọ ẹ̀rọ, ó tẹ ogún ẹ̀dà,
mo sì pín in, ilé kan tẹ̀ lé èkejì, nínú oòrùn ọ̀sán.
Àwọn ìdí òdán ní a ti dìbò ná.

Kànga náà ṣì wà. Pákó ló dé e lórí.
Àwọn tó ń pò sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń fa omi rẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí lónìí pé èwo ló sàn nínú méjèèjì,
mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ àpò mi wò
kí n tó dáhùn.