Ojú Tó Wà Lórí Pẹpẹ

Ojú ewé mẹ́ta ni Lynley kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ,
ó fi òòfà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì:
ṣíbí méjì ni kí n máa bù fún ológbò, kì í ṣe mẹ́ta,
nítorí Sájẹ́ńtì mọ irọ́ pa;
kí n bomi rin ewéko inú ìkòkò, kí n fi ti ojú fèrèsé sílẹ̀;
kí n gbé ike ìdọ̀tí síta lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
kí n fi òkúta lé e lórí,
kí afẹ́fẹ́ Dunedin má baà gbé e lọ bá òkun.
Mo kà á tán bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò.
Kò sí ìwọ níbẹ̀.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí, Averil ni wọ́n ń pè mí.
Láti ìgbà tí mo ti ta ilé tèmi, ilé onílé ni mò ń bá wọn ṣọ́:
àpótí kan, bàtà òjò kan, ìrọ̀rí tèmi.

Ní alẹ́ kẹrin, òtútù oṣù Keje ń ta dígí,
fóònù mi gbọ̀n. Lynley ni, láti Lisbon:
“Jọ̀wọ́ Averil, àga aláwọ̀ ewé yẹn,
ti bàbá Gordon ni. A kì í jókòó sí i.”
Orí àga ọ̀hún ni mo wà.
Mo fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ.

Mo wá ọ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sórí ẹní,
tí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ rí i.
Láàárín ẹyẹ onígi àti aago tó ti kú ni mo ti rí ọ,
o dúdú minimini, bí kóró ìbẹ́pẹ.
Wọ́n ní ògiri létí, mo gbà.
Ta ló wá fún un lójú?

Ọjọ́ mẹ́rin! Mo ń ṣírò ohun tí o ti rí:
mo jẹ ẹ̀wà inú agolo lórí ìdúró,
ṣíbí Sájẹ́ńtì ni mo fi jẹ ẹ́;
mo bọ́ eyín àtọwọ́dá sínú ife wọn;
mo sáré jáde nínú balùwẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì péńpé lára,
nítorí kẹ́tùlù ń súfèé.
Mo sì bá Des sọ̀rọ̀.
Alaalẹ́ ni mò ń bá Des sọ̀rọ̀,
mo ń sọ iye tí bọ́tà dà fún un,
mo ń sọ ti orúnkún, mo ń sọ èyí tí n kò sọ nígbà tó wà láyé.

Mo béèrè. Èsì dé kí tíì mi tó tutù:
“Nítorí olè nìkan ni. A kì í sábàá wò ó.”
A kì í sábàá!
Bí mo bá jẹ́ olè, kí ni kọ́kọ́rọ́ ń ṣe lọ́wọ́ mi?
Bí n kò bá jẹ́ olè, kí ni ojú ń ṣe lẹ́yìn mi?
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, lóòótọ́, ilé yín ni, ẹ ṣọ́ ọ.
Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé e síbi ọkọ̀,
ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kejì, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí,
n kò ní janpata.
Ṣùgbọ́n gbangba ni alákàn gbé ojú tirẹ̀ sí.

Mo mú aṣọ ìnu-abọ́, èyí tí wọ́n ya àgùntàn sí,
mo dà á bò ọ́ lórí. Mo kọ̀wé sí wọn:
tí mo bá wà nílé, aṣọ á wà níbẹ̀; tí mo bá jáde, màá ṣí i.
Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá ẹni tí yóò gba ológbò.
Ọjọ́ kan, kò sí èsì. Ọjọ́ kejì,
omi òkun wọlé sí èbúté, ó tún padà,
Sájẹ́ńtì sùn sórí àga bàbá Gordon,
kò sẹ́ni tó bá a wí.

Lálẹ́, fóònù gbọ̀n:
“Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ká ti sọ fún ẹ. Má bínú.”
Mo mí kanlẹ̀.
Ó tún gbọ̀n:
“Ta ni Des?”

Mo wo fóònù náà títí iná rẹ̀ fi kú.
Mo dìde, mo ká aṣọ alágùntàn náà sí méjì,
mo tún dà á bò ọ́.
Mo rẹ ohùn sílẹ̀
kí n tó sọ fún Des pé ilẹ̀ ti ṣú.