Ẹnu Ọ̀nà Keje

Èmi ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà keje ní Montevideo,
lọ́jọ́ Àìkú kan tí òtútù oṣù Kẹjọ ń géni létí,
ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ mi, èyí tó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì:
yóò dún pìì, iná aláwọ̀ ewé yóò tàn, èèyàn yóò wọlé.

Agogo mẹ́ta ku díẹ̀, ó ń dún.
Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀, ó yadi.

Kì í ṣe pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ká ní ó lọ ni, ọkàn wa ì bá balẹ̀.
Ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ṣánṣán lókè fóònù gbogbo èèyàn
bí ọmọ olówó tó múra tán tí kò níbi tó ń lọ.
Òrùka funfun kan ń yí láàárín,
ó ń yí, ó ń yí,
bí ajá tó fẹ́ sùn tí kò rí ibi fìdí lé.

Tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú fóònù.
Fóònù ń wá ọ̀nà nínú afẹ́fẹ́.
Afẹ́fẹ́ ní èèyàn ti pọ̀ jù,
èèyàn sì pọ̀ torí pé tíkẹ́ẹ̀tì tà tán.
Ta ni kí n bá wí?

Nelly Olaizola na tirẹ̀ sókè bí ẹni ń bẹ òjò.
Ẹnìkan ní kí n pa ẹ̀rọ náà, kí n tún un tàn.
Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, ọ̀gá.

Bàbá Washington Etcheverry ló kàn,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, fláàsì omi gbígbóná lábíyá.
"Ọmọ ọmọ mi ló rà á láti Salto.
Ó ní kí n sá fi hàn yín."
Ó ń fi hàn mí
bí ẹni ń fi àwòrán ọmọ tó sọnù han ọlọ́pàá.

Lójijì, pápá bú.
Ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà wa.
Ta ló gbá a wọlé?
Gbogbo orí tẹ̀ ba fóònù lẹ́ẹ̀kan náà;
òrùka ń yí.

Bàbá tọwọ́ bọ àpò kóòtù,
ó yọ rédíò kan tí wọ́n fi rọ́bà dè lẹ́yìn,
ó yí etí rẹ̀ díẹ̀, ohùn sì jáde, ó mọ́ gaara:
tiwa ni! tiwa ni!
Ìlà tó ti ń bú mi láti àárọ̀ wọ́ sún mọ́ ọn.

Afẹ́fẹ́ kan náà kọ́ nìyẹn?
Àfi pé ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwa ń gbọ́;
etí kì í dínà mọ́ etí.
Nínú tiwa, gbogbo ẹnu ló fẹ́ kọ́kọ́ kọjá.

Ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́ta, láìròtẹ́lẹ̀: pìì.
Iná aláwọ̀ ewé.
"Bàbá, ó ti wọlé! Ẹ máa bọ̀!"
Ó gbé ìka sẹ́nu, kò tilẹ̀ wò mí.
"Rọra ná," ó ní. "Wọ́n fẹ́ gbá kọ́nà."