Àlejò Láti Orísun Odò

Òjẹ́kúnlé, àbúrò ọkọ mi, dé láti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí
pẹ̀lú ike wàrà kan tó ń jò sí i ní ṣòkòtò.
Ó ní, "Aya wa, ẹ mú mi rìn, kí n rí ìlú yín."
Mo ní kò burú. Mo mọ ohun tí àlejò ń fẹ́:
Olúmọ ni wọ́n máa ń gùn,
wọn a mí hẹlẹ, wọn a nàka sí àwọn páànù tó ti dípẹtà,
wọn a ní, "Họ́wù, gbogbo rẹ̀ pupa báyìí!"

Ṣùgbọ́n ebi ò jẹ́ ká débẹ̀.
Ní Ìtòkú a bá Ìyá Ṣóẹ̀tán lábẹ́ àtíbàbà,
ìrẹsì ọ̀fàdà rẹ̀ ń ta sánsán,
òórùn tí àjèjì ń yínmú sí,
tí àwa fi ń mọ̀ pé a ti délé.
Ó bù ú sórí ewé eéran, ó da ata lé e,
ata tí epo rẹ̀ jóná títí kó tó gbà láti di ọbẹ̀,
ẹyin kan, pọ̀nmọ́ méjì, irú wóró.
Òjẹ́kúnlé jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé.
Omijé ń dà lójú rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣomi.
"Ẹ má sunkún," ni Ìyá Ṣóẹ̀tán wí, "ó ṣì kù níkòkò."

Aṣọ àdìrẹ ń kán tó-tó lórí okùn.
Aró ń ṣàn nínú gọ́tà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa
bí ẹni pé sánmà yọ̀, ó ṣubú, kò rí ẹni gbé e dìde.
Mo nawọ́ sí òkè: "Olúmọ rèé."
Ó wò ó, ó mi orí, ó béèrè pé,
"Odò ńkọ́?"

Odò kẹ̀? Ta ní í wo odò?
A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Láfẹ̀ńwá,
òjòjò gbígbóná nínú bébà, epo rẹ̀ ti wọ àpò mi.
Ogójì ọdún ni mo ti ń gba orí afárá yẹn kọjá,
apẹ̀rẹ̀ lórí, ọmọ lẹ́yìn, gbèsè lọ́kàn,
n kò bẹ ojú wo ìsàlẹ̀ rí.

Àwọn tó ń wa yanrìn rì dé àyà,
ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè, ó ń wọ́ bọ̀ bí arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Òjẹ́kúnlé ká ṣòkòtò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀,
ó tẹ ọwọ́ bọ omi.
"Ṣé ìwọ nìyí?" Kì í ṣe èmi ló ń bá wí.
"Nílé wa, fífò ni mo máa ń fò ó,
ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún.
Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, màlúù mẹ́ta lè mu ún gbẹ.
Ẹ wá wo bó ṣe sanra!"
Mo ní, "Ìrẹsì ọ̀fàdà ló jẹ."
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ro àtirìn omi yẹn,
gbogbo igbó tó là kọjá, gbogbo òru,
kò sì sí ẹni tó fún un ní owó mọ́tò.

Nínú búkà tó wà létí odò, a jẹ láfún funfun
tó ń gbọ̀n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun,
ẹja àrọ̀ fi ìrù kọ́ etí abọ́.
Ó ní kí wọ́n fi wàrà tó kù sínú ọbẹ̀.
Ìdáńbọ̀ tó ń gbé oúnjẹ wò wá bí ẹni pé a ti yawèrè,
ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò,
ó lọ pe ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló padà sílé. A kò gun Olúmọ.
Lálẹ́ mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo gbe ife sí i,
omi tí wọ́n ń fà láti Arákàngá,
mo gbé e dé ẹnu, mo dúró.
Láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ ni mo ti ń mu ún,
n kò mọ̀ pé àna mi ni.
Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé,
kí n tó mu ún.