Ìkòkò Kékeré

Ní abúlé wa lẹ́yìn Salẹ́nò, oṣù Ògọ́ọ̀sì ní òórùn tirẹ̀:
tòmátì tó ń hó láti ìdájí, èéfín igi ólífì,
ewé ẹfinrin tí a rún sí ẹnu ìgò.
Igba ìgò ó lé ogún. A ń kà á bí ẹni ń ka owó orí.

Saverio ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń ro ó.
Ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgúnpá,
aṣọ rẹ̀ pupa, bàtà rẹ̀ pupa,
ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò pupa rí.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ewú ti yọ ní ẹ̀bátí rẹ̀.
Ó ń wa katakata gun òkè nínú òjò.
Ṣùgbọ́n fi ègé tòmátì kan sínú àwo rẹ̀,
kí o wá wo bí àgbàlagbà ṣe ń padà di ọmọ ọdún mẹ́rin:
ètè á pa dé, èjìká á gòkè,
ọ̀fun á ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Gbogbo ayé ló mọ ìdí rẹ̀.
Àǹtí Assunta ní wọ́n tètè já a lẹ́nu ọmú.
Àlùfáà Gelasio ní ìgbéraga ni,
pé ẹni tí ebi ń pa kì í bi ọbẹ̀ léèrè àwọ̀.
Dókítà wo ahọ́n rẹ̀, ó ní ahọ́n ẹlòmíràn
máa ń bá ìkorò pàdé níbi tí tiwa ti ń rí adùn;
ó gba owó rẹ̀, ó lọ jẹun ọ̀sán.
Ornella, tí ì bá fẹ́ ẹ, ní òun ò lè fi ayé òun fún ọkùnrin
tí yóò máa fi ṣíbí tú oúnjẹ òun wò
bí aṣọ́bodè tó ń tú ẹrù.

Èmi náà bi í lẹ́ẹ̀kan, níbi tí a ti ń dé ìgò.
Ó rò ó títí. Ó ní:
"Kì í ṣe adùn rẹ̀. Nǹkan tó yí irúgbìn rẹ̀ ká ni,
èyí tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, tí kì í ṣe omi, tí kì í ṣe ẹran.
Ó dà bí ìgbà tí ahọ́n ẹlòmíràn bá wọ ẹnu mi láìkan ilẹ̀kùn."
Mo ní, "Èyí tí a sè ńkọ́, tí a ti sẹ́?"
Ó ní, "Mo mọ ibi tó ti wá."

Màmá kò bá a jà rí.
Ó lé ní ogójì ọdún tí ìkòkò kékeré kan
fi ń jókòó ti ìkòkò ńlá lórí ààrò:
sùpàgẹ́tì funfun, bọ́tà, iyọ̀.
Bí àlejò bá rẹ́rìn-ín, Màmá á ní,
"Ẹnu rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹnu yín."
Á sì padà sídìí ààrò, níbi tó ti máa ń jẹun lórí ìdúró,
tó kẹ́yìn sí wa.

Ó kú nínú oṣù Kejì, kí a tó gbin tòmátì.
Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé ìkòkò kékeré kaná fún Saverio.
Ẹ̀kúnwọ́ méjì, bí mo ṣe máa ń rí i tí Màmá ń bù ú.
Saverio jẹ, ó yó. Odidi àwo kan ṣẹ́ kù.

Mo wo ìkòkò. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi.
"Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti mọ̀," ó ní.
"Ọjọ́ tó wọ ilé yìí ní ìyàwó,
wọ́n gbé àwo pupa síwájú rẹ̀, ojú ìyá ọkọ wà lára rẹ̀.
Ó gbé e mì. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó."

Ògọ́ọ̀sì tún dé. Igi ólífì, ẹfinrin, ìgò.
Mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ìkòkò kékeré.
Èmi ò kórìíra tòmátì o.
Mo kàn bu tèmi, mo kẹ́yìn sí wọn, mo dúró sídìí ààrò,
mo jẹ ẹ́.
Iyọ̀ rẹ̀ kò tó.